Orúkọ Yí, Ojú Kò Yí

Nígbà tí fíìmù Aliens, tí James Cameron darí ní ọdún 1986, fi máa parí, ènìyàn mẹ́ta péré ni ó là á já: Ripley, Hicks ọmọ ogun, àti Newt, ọmọdébìnrin tí àwọn ẹ̀dá abàmì inú òfurufú ti sọ di aláìlóbìí. Ní 1988, ilé-iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn náà síwájú nínú ìwé aláwòrán. Mark Verheiden ni ó kọ ọ́, Mark A. Nelson ni ó ya àwòrán rẹ̀. Newt ti dàgbà níbẹ̀, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ni ó sì wà.

Ní 1992 ni fíìmù Alien 3 dé, ó sì pa Newt àti Hicks láti ìbẹ̀rẹ̀. Òkú kì í dàgbà. Àwọn atẹ̀wé ìbá fi ìwé náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé tí ó takò fíìmù kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àtúntẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, Newt di Billie, Hicks di Wilks.

Ọgbọ́n yìí kò délé. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n yí, wọn kò yí àwòrán. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹ̀dá náà a máa jó irin. Òun ni ó ta sí Hicks lára nínú fíìmù, àpá rẹ̀ sì ni Nelson yà sí i lójú. Wilks jogún àpá náà. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ń fi àmì sí òkú àbíkú lára mọ ìdí rẹ̀: bí ó bá padà wá, a lè sọ ọ́ ní orúkọ mìíràn, àmì ara rẹ̀ ni yóò tú u fó.

Dúdú àti funfun ni Nelson fi ya tirẹ̀. Ìlà rẹ̀ wọnú ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ní láti wá ẹ̀dá náà kí ó tó rí i. Ibẹ̀ gan-an ni ìpayà ìwé náà wà. Ní ìtàn kejì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1989, Denis Beauvais lo ọ̀dà aláwọ̀. Àwọn ẹ̀dá náà ń dán, wọ́n dùn ún wò, ṣùgbọ́n òkùnkùn tí ó bò wọ́n ti ká, àwọn ojú tí òǹkàwé ti mọ̀ sì di ojú àlejò. Ìjásí yìí jinlẹ̀ ju ti orúkọ lọ, síbẹ̀ orúkọ nìkan ni wọ́n rí tún ṣe.

Ní 2016, nínú ẹ̀dà tí wọ́n fi sàmì ọgbọ̀n ọdún fíìmù náà, Dark Horse dá orúkọ àtijọ́ padà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àlá burúkú tí ń jí Billie lóru kò ní gbòǹgbò nínú fíìmù kankan. Ti Newt ní, nítorí òǹkàwé ti rí àwọn ihò afẹ́fẹ́ tóóró tí ọmọ náà sá pamọ́ sí kí Ripley tó rí i.