Àwòrán Ogun àti Orúkọ Tí A Fún Un

Awòran ni ẹni tí ń wò, àwòrán ni ohun tí à ń wò. Ohùn nìkan ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn fún wa láti gbà pé ẹni tí ó bá ti rí fọ́tò ogun ti rí ogun fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìhà wo wá ni kí á to fọ́tò sí?

Ní 1855, Roger Fenton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kámẹ́rà lọ sí ogun Kírìméà. Kámẹ́rà ìgbà náà kò lè mú ohun tí ń sáré. Ohun tí a bá fẹ́ yà ní láti dúró jẹ́ẹ́. Nítorí náà, àgọ́, àwọn ọ̀gágun àti ilẹ̀ tí ìjà ti kọjá ni ó yà. Ó ya àfonífojì kan lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ọ̀kan, ojú ọ̀nà mọ́, ọta àgbá sì wà nínú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà. Nínú èkejì, ọta fọ́n ká ojú ọ̀nà. Errol Morris, ará Amẹ́ríkà, fara balẹ̀ wo bí àwọn òkúta kéékèèké ṣe kúrò ní ipò wọn láti inú fọ́tò kan sí èkejì, ó sì fi hàn pé èyí tí ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ni ó ṣáájú. Ó jọ pé ẹnì kan ni ó to ọta sójú ọ̀nà, bí a ti ń tún ilé tò de àlejò. N kò ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá: ìbọn ni ó gbé àwọn ọta náà dé àfonífojì ọ̀hún.

Èyí tí ó kan àwa ará etíkun yìí wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Faransé bá Dàhòmì jà ní 1890, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ìjà sì tún bẹ́ ní 1892. Ní oṣù kọkànlá, Dodds, ọmọ Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà, wọ Àgbómẹ̀. Ní 1894 ọba Béhanzin jọ̀wọ́ ara rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Martinique. Láàárín ogun méjèèjì, ní 1891, wọ́n kó ẹgbẹ́ kan lọ sí Jardin d'Acclimatation ní Párísì, wọ́n pè wọ́n ní "Amazones du Dahomey", àwọn ènìyàn sì sanwó láti wò wọ́n. Wọ́n to àwọn obìnrin náà, wọ́n sì ya fọ́tò wọn.

Níbo ni irọ́ wà nínú fọ́tò yẹn? Àwọn obìnrin náà wà lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò sì fi ọwọ́ tún ojú wọn ṣe. Inú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ni irọ́ wà. Òṣèré tí oníṣòwò ń kó kiri ni wọ́n. Ṣé ọba tí ń ra ìbọn pamọ́ de ogun yóò yọ̀ǹda ọmọ ogun rẹ̀ kí ó lọ jó ní Párísì? (Òwò gidi ni irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀: ní 1896, Nayo Bruce, ọmọ Aného wa níhìn-ín, kó àwọn ará Tógò lọ sí ti Berlin.) Kí ọkọ̀ ogun tó dé, àwòrán náà ti fi ọ̀tá han àwọn ará Faransé.

Ọ̀pọ̀ ìwé ṣì ń tẹ̀ ẹ́ bí àwòrán àwọn ọmọ ogun. Nígbà tí mo fi í han kíláàsì troisième mi ní Tokoin, ọmọbìnrin kan tí ìdílé rẹ̀ ti Kétu wá béèrè pé: "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kó ìlú wa?" Ní 1886, lábẹ́ Glèlè bàbá Béhanzin, ni Dàhòmì kó Kétu, àwọn obìnrin ológun sì wà lára wọn. Kò sí kámẹ́rà ní ẹnu ibodè Àkàbà Ìdènà lọ́jọ́ náà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni ogun Kétu ní, kò ní fọ́tò. Àlàfo yẹn ni fọ́tò Párísì wá dí. Ọmọ náà ti fẹ́ kórìíra àwọn obìnrin tí kò mọ ọ̀nà Kétu rárá.

Ẹ fi wé fọ́tò tí Jonathan Adagogo Green, ọmọ Bonny, yà ní 1897, lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti kó Bìní. Ọba Ovonramwen jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé e lọ sí ìgbèkùn ní Kàlàbá, àwọn ṣọ́jà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tò wọ́n fún kámẹ́rà, ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́ ìyẹn. Síbẹ̀ mo gbà á gbọ́ ju ti Párísì lọ, nítorí ẹni tí wọ́n ní ó jẹ́ gan-an ni, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ náà sì fi agbára tí ó gbé e jókòó níbẹ̀ hàn gbangba. Ẹ wo ojú ọba náà: ó kọjú sí kámẹ́rà, kò tẹrí ba. Fọ́tò náà kò sọ bí Bìní ṣe jóná, kò sì díbọ́n pé òun sọ ọ́.

N kò ní kí á yọ fọ́tò 1891 kúrò nínú ìwé. Kí àwọn tí ń ṣe ìwé ìtàn fún líséè wa tẹ̀ ẹ́ tòun ti ọgbà tí wọ́n ti yà á àti owó tí awòran san ní ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n sì kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé: àwọn òṣèré, Párísì, 1891.