Ọwọ́ Ta Ló Ń Yí Yàrá Padà?

Nínú ryokan, ilé ìtura ìbílẹ̀ àwọn ará Jàpáánì, yàrá tí wọ́n bá fi àlejò wọ̀ lọ́sàn-án kì í sábà ní bẹ́ẹ̀dì. Tábìlì kúkúrú kan ló máa ń wà láàárín, tí wọ́n fi tìmùtìmù pẹlẹbẹ yí ká, tí tíì wà lórí rẹ̀. Tó bá di alẹ́, orí tábìlì yẹn kan náà ni wọ́n máa ń gbé oúnjẹ sí. Kí àlejò tó jẹun tán, kó sì tó ti ibi omi gbígbóná tó lọ wẹ̀ dé, wọ́n ti sún tábìlì ti ògiri, wọ́n ti kó futon, ìyẹn ibùsùn tó ṣe é ká, jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ dè é.

Bí àwọn ayàwòrán-ilé bá ń sọ̀rọ̀ nípa yàrá tó lè bá àlejò yí, Jàpáánì ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Wọ́n á yin fusuma, ilẹ̀kùn onígi tí a fi pépà bò, tó ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀, tí a sì lè yọ kúrò pátápátá kí yàrá méjì di gbọ̀ngàn kan. Wọ́n á yin tatami, ẹní líle tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 180, tó fẹ̀ tó 90. Iye ẹní tó gba inú yàrá ni wọ́n fi ń sọ bó ṣe tóbi tó, yàrá ẹní mẹ́jọ kò sì ju mítà 13 níbùú-lóòró lọ. Gbogbo ilẹ̀ ni ìjókòó, gbogbo ilẹ̀ náà ni ibùsùn. (Ẹni tó bá dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń tẹ́ ẹní sí pálọ̀ lálẹ́, tí wọ́n sì ń ká a ti ògiri láàárọ̀, kò ní ya ẹnu sí èyí.)

Àmọ́ nínú gbogbo ìyìn wọ̀nyí, wọ́n fo nakai dá. Nakai ni òṣìṣẹ́bìnrin tó ń tọ́jú àlejò inú yàrá. Á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó ṣí ilẹ̀kùn, á máa gbé àwo oúnjẹ wọlé ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Òun tàbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tẹ́ futon, tó tún ń ká a kúrò nílẹ̀ láàárọ̀. Ẹ mú un kúrò, ẹní àti pépà ló kù. Ilé ìtura ló sì ń pinnu àsìkò: oúnjẹ alẹ́ sábà máa ń wọlé láàárín agogo mẹ́fà sí méje, ibùsùn á tẹ̀lé e. Àlejò tí ìrìn-àjò ti dá lágara, tó fẹ́ sùn lágogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, apá rẹ̀ ni yóò fi rọrí. Lójú tèmi, ọjọ́ ni yàrá yìí ń bá yí, kì í ṣe àlejò.

Zoku, ilé ìtura tí wọ́n ṣí ní Amsterdam lọ́dún 2016, gba ọ̀nà mìíràn. Ilé-iṣẹ́ Concrete ló ṣètò inú rẹ̀. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì sókè sórí pèpéle, wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú iwájú rẹ̀, wọ́n sì fi tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́rin sí àárín yàrá. Àtẹ̀gùn wà tí àlejò máa ń fà jáde bó bá fẹ́ gùn ún, tó sì máa ń tì wọlé padà. Ẹni tí iṣẹ́ bá gbé wá fún oṣù kan tàbí méjì lè bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèpàdé níbẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ jókòó ti ìrọ̀rí. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ nìyẹn, torí bẹ́ẹ̀dì ló ń mú kí ojú tini láti gba àlejò nínú yàrá ilé ìtura. Kò sí aago ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àlejò ti di nakai ara rẹ̀, owó iṣẹ́ yẹn ò sì sí lọ́rùn ilé ìtura mọ́. Ti ẹni tí orúnkún ń dùn, tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lóru lọ tọ̀, ọ̀tọ̀ ni.

Orúnkún yìí kan náà ló ń dààmú Jàpáánì. Àwọn àgbàlagbà àti àjòjì tí dídìde nílẹ̀ ń ni lára ti pọ̀, òṣìṣẹ́ sì ti wọ́n. Nínú àwọn ryokan kan, futon ti wà nílẹ̀ kí àlejò tó dé. Àwọn mìíràn ti gbé bẹ́ẹ̀dì kúkúrú wọ yàrá, bẹ́ẹ̀dì tó bá sì ti wọlé kì í jáde mọ́. Fusuma ṣì wà, ó ṣì ń yọ́, ó sì ṣì rẹwà nínú fọ́tò. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ kó tatami àti bẹ́ẹ̀dì pọ̀, wọ́n ní láti fi ààyè kún yàrá, torí kò sẹ́ni tí yóò máa wá sún ohunkóhun ti ògiri lálẹ́ mọ́. Ààyè yẹn, àlejò ló ń sanwó rẹ̀.