Ẹ Kú Ọwọ́, Ẹ̀yin Atukọ̀ Ganvié

Adágún Ọpa tó wà nínú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ la mọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ti ká fi ọkọ̀ sin àlejò lórí omi, orílẹ̀-èdè Benin lọ́kàn mi ń lọ, sórí ọ̀sà Nokoué. Láti Abomey-Calavi ni atukọ̀ ti ń gbé èèyàn lọ sí Ganvié, ìlú tí àwọn Tofinu kọ́ sórí òpó nínú omi nígbà tí wọ́n ń sá fún àwọn akónilẹ́rú ìjọba Dahomey.

Omi náà kò jìn. Atukọ̀ á nàró, á fi ọ̀pá gígùn ti ìsàlẹ̀ omi, ọkọ̀ á sì máa yọ́ lọ. Iṣẹ́ ọpọlọ ni! Tẹ́lẹ̀, àwọn apẹja máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ẹrẹ̀ káàkiri kí ẹja lè sá pamọ́ síbẹ̀. Acadja ni wọ́n ń pè é. Oko olóko ni nígbà náà, atukọ̀ kì í sì í gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ẹ́ńjìnnì ti pọ̀ níbẹ̀ báyìí. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ ká gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tó ń ná ọjà láti inú ọkọ̀ kan sí èkejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ ní atukọ̀ tó ń fi ọ̀pá gígùn tukọ̀ lẹ ń wá, kẹ́ ẹ sì sanwó rẹ̀ dáadáa.