Iṣẹ́ Ọwọ́ Onímọ́tò: Ìtọ́jú Ọkọ̀ Nínú Ọgbà Ilé ní GRA Ìlọrin

Iṣẹ́ méjì ni ọkọ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn: ìtọ́jú àti àtúnṣe. Àtúnṣe jẹ́ ti mẹkáníìkì, ti rẹ́wáyà àti ti páńẹ́ẹ̀bítà. Ìtọ́jú jẹ́ ti ẹni tó ni ọkọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ gidi sì ni: ó ní ìmọ̀, ó ní ètò, ó sì ní adùn tirẹ̀ fún ẹni tó bá fọkàn sí i. Ojú, imú, etí àti àtẹ́lẹwọ́ ni irinṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Àárọ̀ ló dára jù fún un, kí ẹnikẹ́ni tó fi kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, tí ọ́ìlì ti sọ̀ kalẹ̀ tán sí ìdí rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ inú táyà kò sì tíì gbóná.

Nínú GRA Ìlọrin, níbi tí ilé ti ní ọgbà tí ọkọ̀ sì ń sùn lórí kọnkéré tàbí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tó kọ́kọ́ máa ń sọ̀rọ̀. Omi tó mọ́ tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ibi ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú kò burú; omi tó ń ti ara ẹ̀rọ amúlétutù wá ni. Àbàwọ́n dúdú tàbí pupa rúsúrúsú jẹ́ ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Èyí tó pupa fòò sábà máa ń wá láti gíà tàbí síárìn. Èyí tó ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ òdòdó, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tó sì ń rùn bí ohun dídùn, kúláǹtì rédíétọ̀ ni. Èyí tó bá sì wà nítòsí ẹsẹ̀ ọkọ̀, tó fẹ́lẹ́ tó ń yọ̀, a máa ń fura sí i pé bíréèkì ń jò, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nílé. Ẹni tó bá ń wo ilẹ̀ yìí lárààárọ̀ yóò mọ àìsàn ọkọ̀ rẹ̀ kí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n, owó tí yóò fi wò ó yóò sì kéré.

Iṣẹ́ yìí kò kéré sí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz wa ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ Carl ṣe láti ìlú Mannheim dé Pforzheim ní Jámánì, òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, ìrìn tó lé ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà, bí ẹni lọ Ògbómọ̀ṣọ́ láti Ìlọrin tó tún padà. Kò sí mẹkáníìkì lójú ọ̀nà nígbà náà. Nígbà tí ihò epo dí, pín-ìn-nì fìlà rẹ̀ ló fi la á. Nígbà tí wáyà kan bó, okùn ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ló fi wé e. Nígbà tí igi bíréèkì jẹ tán, ó ní kí oníbàtà kan kan awọ mọ́ ọn. Olówó ọkọ̀ ni, kì í ṣe oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì tún ọkọ̀ ṣe dé ilé.

Ní Nàìjíríà, ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ jọ, Peugeot 504 sì di ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti ọlọ́lá káàkiri ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì 504 ń rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ọwọ́ sì ń wọ ibi gbogbo. Volkswagen Beetle kò tilẹ̀ ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ òde òní, irú Corolla àti Camry tó pọ̀ ní Ìlọrin, ní ike ńlá kan tó bo orí ẹ́ńjìnnì, ike yìí ló sì ń tan ọ̀pọ̀ onímọ́tò jẹ pé kò sí ohun tó kàn wọ́n mọ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Irọ́ ni. Omi, ọ́ìlì, afẹ́fẹ́, iná àti bíréèkì kò kúrò níbi tí ọwọ́ olówó wọn ti lè tó wọn.

Omi ló yẹ kó ṣáájú nílùú tí ooru ọ̀sán rẹ̀ máa ń kọjá 35°C ní oṣù kejì àti oṣù kẹta. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára bẹntiróòlù tó ń di ìrìn. Ìyókù ń di ooru, omi inú rédíétọ̀ ló sì ń gbé apá ńlá nínú rẹ̀ jáde. Ìdérí rédíétọ̀ ń há ìfúnpá mọ́ inú, ìfúnpá yìí ni kì í jẹ́ kí omi náà hó nígbà tó bá ti kọjá 100°C. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ṣí ìdérí nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná fi máa ń jóná: bí ìfúnpá bá ti jáde, omi yóò hó di oru lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tú sí i lójú àti láyà. A ó dúró kí ó tutù pátápátá. Ike kékeré ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ ni a ń wò láàárọ̀. Ó ní àmì méjì, omi sì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Bí ó bá ń dín kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ibì kan ń jò, bíbu omi sí i kò sì ní wò ó sàn.

Omi ẹ̀rọ àti omi kànga ní èròjà ilẹ̀ nínú. Ooru máa ń mú kí èròjà yìí lẹ̀ mọ́ inú ihò tóóró rédíétọ̀ títí yóò fi dí. Kúláǹtì tí a pò mọ́ omi tí wọ́n sè di oru tí wọ́n sì tún mú oru náà di omi, irú omi tí wọ́n ń tà fún bátìrì, ní ìdajì sí ìdajì, ló dára: kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, kì í sì í tètè hó. Olóró ni kúláǹtì, dídùn rẹ̀ sì ń fa ajá àti ọmọdé mọ́ra, nítorí náà a kì í fi sílẹ̀ ní ìgbangba.

Ọ̀rọ̀ tẹ́mósítáàtì yẹ kí a gbé yẹ̀ wò dáadáa, nítorí ó ti pa ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lára. Ilẹ̀kùn kékeré ni, ó ń dí omi mọ́ ẹ́ńjìnnì títí tí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, lẹ́yìn náà yóò ṣí. Bí ó bá bàjẹ́ tó sì dí, ọkọ̀ á gbóná jù. Àṣà tó gbilẹ̀ ni kí mẹkáníìkì yọ ọ́ dànù, kí ó ní ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò gbóná mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó ń tutù ju bó ti yẹ lọ ń jẹ epo, ó ń jẹ ara rẹ̀, ó sì máa ń tan iná ìkìlọ̀ síwájú awakọ̀. Tẹ́mósítáàtì tuntun kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń dáàbò bò. Ẹni tó ni ọkọ̀ lè má mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sí i, àmọ́ ó yẹ kó mọ̀ ọ́n débi tí yóò fi sọ pé, “Ẹ bá mi fi tuntun síbẹ̀.”

Bí ọwọ́ géèjì ooru bá gòkè lójú ọ̀nà, a ó pa ẹ̀rọ amúlétutù, a ó sì tan ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná dé òpin. Nínú oòrùn Ìlọrin, ó dà bí ìyà lórí ìyà, ṣùgbọ́n láti ara ẹ́ńjìnnì ló ti ń fa ooru náà, ó sì ń fún ẹ́ńjìnnì ní ìsinmi títí a ó fi rí ibi tó dára dúró sí. A kì í da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Orí rẹ̀ lè wọ́ tàbí kó sán, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì á sì jó.

Ọ́ìlì rọrùn ju omi lọ. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, a ó fa ọ̀pá ìwọn yọ, a ó nù ún, a ó tì í padà, a ó tún fà á yọ. Àárín àmì méjèèjì ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà; èyí tó kọjá òkè náà burú, nítorí yóò máa hó rúfúrúfú, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bo irin. Dúdú ọ́ìlì nìkan kì í ṣe àìsàn. Ọ́ìlì tó bá funfun bí wàrà ni àìsàn, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, kí ọkọ̀ náà má sì ṣe rìn mọ́. Èéfín náà ń jẹ́rìí: aláwọ̀ búlúù ń sọ pé ọ́ìlì ń jó, dúdú ń sọ pé epo pọ̀ jù, funfun tó nípọn tí kò sì lọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ gbóná ń sọ ti omi.

Ilé epo gbogbo ló ń ta 20W-50, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé bí ọ́ìlì bá ti ki tó ló dára tó. Ìwé tó wà nínú àpótí iwájú ọkọ̀ ló yẹ kí a gbọ́ tirẹ̀. Corolla 1.8 ti ọdún 2009 sí 2013 tó wá láti Amẹ́ríkà ń fẹ́ ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì ń gba nǹkan bí lítà 4.2 bí a bá pààrọ̀ fílítà pẹ̀lú, nítorí náà kéègì lítà mẹ́rin kan kò kún un tán. Ọ́ìlì tí a tú kúrò kì í ṣe ohun tí a ń dà sí gọ́tà, tí òjò yóò gbé lọ sínú odò Àsà. Mẹkáníìkì á gbà á. Káfíńtà náà ń fi pa igi òrùlé nítorí ikán.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ọ̀rọ̀ táyà, pàápàá fún ẹni tó ń ti GRA jáde lọ sí ọ̀nà Jẹ́bà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó tọ́ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà awakọ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ 30 sí 35 psi fún ọkọ̀ kékeré. Èyí tí fọkanáísà fi ojú díwọ̀n kò tó. Géèjì kékeré tó ń gbé inú ọkọ̀ wúlò ju ọ̀pọ̀ ohun ọ̀ṣọ́ lọ. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré ń tẹ̀, ó ń ká, ó ń gbóná, eré àti oòrùn á sì parí iṣẹ́ náà: yóò bẹ́. Ọjọ́ orí rẹ̀ wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin ìkẹyìn ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n fi ìpara dúdú pa lè máa dán bíi tuntun, kó sì ti darúgbó. Nọ́ńbà yẹn kò mọ irọ́ pa. Ojú táyà kò gbọdọ̀ jẹ débi tí jíjìn ihò ara rẹ̀ yóò fi dín sí 1.6 mílímítà.

Pípààrọ̀ táyà ní ètò tí a kì í yí padà. Ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le, bíréèkì ọwọ́ lókè, òkúta níwájú àti lẹ́yìn ẹsẹ̀ tó wà ní ìdojúkejì, àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta lẹ́yìn ọkọ̀. A ó tú nọ́ọ̀tì díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, kí a tó fi jáàkì gbé e. Bí ó bá ti wà lókè, yóò máa yí dànù. Bí a bá ń dì í, a kì í yí po láti ọ̀kan sí èyí tó tẹ̀ lé e. A ń fò lọ sí ìdojúkọ rẹ̀ kí rímù lè jókòó dọ́gba. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá balẹ̀, a ó tún dì í pa. Kò sẹ́ni tó ń wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ́sítírà táyà gan-an ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ti jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ pé ó ti rọ.

Ooru ń pa bátìrì ju òtútù lọ. Bátìrì tó kún ń fi 12.6 fóltì hàn nígbà tó bá sinmi, àti nǹkan bí 14 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bí èkejì kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fún un lágbára ló ń ṣàìsàn. Ìyẹ̀fun funfun tàbí búlúù tó ń hù lójú rẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì á kó o kúrò. Okùn òdì (−) ni a kọ́kọ́ ń tú, òun ni a sì ń dì gbẹ̀yìn. Bí a bá fẹ́ yá iná lára ọkọ̀ mìíràn, a ó so rere (+) mọ́ rere, ṣùgbọ́n ìparí okùn òdì yóò lọ sára irin ẹ́ńjìnnì, kò ní súnmọ́ bátìrì, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú bátìrì lè gbiná.

Ti bíréèkì kúrú. Bí páàdì bá ti fẹ́ tán, irin kékeré kan á máa han goro. A kì í dúró kí ariwo yẹn di ìlọ. Bíréèkì ọ́ìlì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, nítorí náà kò yẹ kí a lo èyí tó ti ṣí sílẹ̀ tipẹ́, kò sì sí ọ́ìlì mìíràn tó lè rọ́pò rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Eruku aṣálẹ̀ tó ń ti àríwá wá, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ń dí fílítà afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fi ọwọ́ yọ ọ́ lóṣooṣù, tó sì gbọ̀n ọ́n, yóò rí ìyàtọ̀ nínú epo tó ń rà. Eruku tó bà sára ọkọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí a ń fi aṣọ gbígbẹ nù, nítorí iyanrìn ni, yóò ha ọ̀dà. Omi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e lọ. Igi máńgòrò àti dóńgóyárò inú ọgbà fún ọkọ̀ ní òjìji tó wúlò, ṣùgbọ́n oje wọn àti ìgbẹ́ ẹyẹ ń jẹ ọ̀dà, a sì ní láti fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ Àbújá fún oṣù méjì ń fẹ́ kí ẹnì kan tan án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó sì rìn díẹ̀, kí bátìrì má baà kú, kí eku má sì sọ ẹ́ńjìnnì di ilé, kó máa jẹ wáyà.

Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ojú ihò kan lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, níbi tí síkánà kékeré ti lè bá fóònù sọ̀rọ̀. P0301 ń sọ pé ihò ìjóná àkọ́kọ́ nínú ẹ́ńjìnnì ń kọ iṣẹ́. Ó lè jẹ́ pílọ́ọ̀gì, ó lè jẹ́ kọ́ìlì. P0128 ń sọ pé ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó, ó lè jẹ́ nítorí tẹ́mósítáàtì tí ẹnì kan yọ dànù. Kódù kì í sọ ohun tí a ó rà. Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí wò ló ń sọ, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí mẹkáníìkì tó pa á rẹ́.

Ohun tó kù kì í ṣe ti olówó ọkọ̀. Àpò afẹ́fẹ́ tó wà nínú síárìn lè bẹ́ mọ́ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án láìmọ̀ ọ́n. Gáàsì amúlétutù, inú gíà tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀ àti páípù epo tí ìfúnpá wà nínú rẹ̀ ń fẹ́ irinṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ọṣẹ́. Níbẹ̀, iṣẹ́ olówó ọkọ̀ ni láti ròyìn: ìgbà tí ariwo náà bẹ̀rẹ̀, bóyá nígbà tútù tàbí nígbà gbígbóná, lórí òkè tàbí ní títẹ̀ bíréèkì, àti ohun tí wọ́n pààrọ̀ gbẹ̀yìn pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti iye kìlómítà tó wà lórí géèjì.