Bàlúùnù Inú Èjìká àti Ìdájọ́ START:REACTS

Ìwé tí Andrew Metcalfe àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú The Lancet ní ọdún 2022 kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Wọ́n dán bàlúùnù kan wò, èyí tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń fi sí èjìká àwọn tí iṣan wọn ya kọjá rírán, wọ́n sì parí rẹ̀ pé àwọn kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lò ó. START:REACTS ni orúkọ ìwádìí náà. Mo gba ìdájọ́ wọn. Síbẹ̀, ó yẹ ká ya ohun tí ìwé náà fi hàn gedegbe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí òǹkàwé lè fi kún un láìmọ̀.

Iṣan mẹ́rin ló di orí egungun apá mú sínú oríkèé èjìká. Ti òkè ló sábà máa ń ya. Bí yíya náà bá kéré, tí kò sì tíì pẹ́, dókítà lè fà á padà, kó rán an mọ́ egungun. Bí ó bá tóbi, tí ó sì ti pẹ́, iṣan á ti súnkì, ẹran rẹ̀ á ti di ọ̀rá. Wọ́n á fà á títí, kò ní dé ibi tí wọ́n fẹ́ rán an mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà. Àwọn kan á fọ inú oríkèé náà mọ́, wọ́n á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á rán ìwọ̀nba tó ṣeé rán. Christian Gerber ní Switzerland yá iṣan ẹ̀yìn láti fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Teruhisa Mihata ní Japan fi awọ tó bo ẹran itan ṣe ìbòrí tuntun fún oríkèé. Paul Grammont ní ilẹ̀ Faransé sì ṣe èjìká àtọwọ́dá tí ó gbé bọ́ọ̀lù oríkèé síbi tí kòtò rẹ̀ wà, tí ó gbé kòtò síbi tí bọ́ọ̀lù wà. Iṣẹ́ ńlá ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bàlúùnù ló fúyẹ́ ní tirẹ̀. Wọ́n á tì í gba ojú kékeré wọlé, wọ́n á fi omi oníyọ̀ kún un, wọ́n á dí i, ó di kó máa gbé ibẹ̀. Bí òṣùká ló ṣe wà láàárín orí egungun apá àti egungun tó bò ó, kí wọ́n má baà máa ha ara wọn, títí yóò fi yọ́ fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan. Àlàyé yìí dùn ún gbọ́, ìyẹn gan-an ló sì fi yẹ kí wọ́n dán an wò dáadáa.

Wọ́n dán an wò dáadáa lóòótọ́. Aláìsàn ti sùn, kámẹ́rà ti wọlé, dókítà ti rí i pé iṣan náà kò ṣeé rán, kí wọ́n tó ṣẹ́ kèké ẹni tí yóò gba bàlúùnù. Kò sí pé dókítà ń fi í fún ẹni tó wù ú. Gbogbo wọn ni wọ́n fọ oríkèé wọn. Bàlúùnù nìkan ni ìyàtọ̀. Ojú abẹ ìhà méjèèjì rí bákan náà, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ kò tú àṣírí, eré ìdárayá kan náà ni wọ́n fún wọn lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bi aláìsàn lẹ́yìn ọdún kan bóyá ó lè wọ aṣọ fúnra rẹ̀, bóyá ó lè ya irun, bóyá ìrora ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu lóru, ẹni tó ń dáhùn kò mọ ìhà tí òun wà, ẹni tó ń béèrè kò mọ̀. Ẹnu ló ń ròyìn ìrora. Ẹni tó bá mọ̀ pé ohun tuntun wà lára òun lè tìtorí rẹ̀ yí ìròyìn náà padà.

Ènìyàn 117 ni wọ́n ṣẹ́ kèké fún ní ilé ìwòsàn 24 ní Ìlú Ọba, láàárín ọdún 2018 sí 2020: 61 gba fífọ̀ nìkan, 56 gba fífọ̀ pẹ̀lú bàlúùnù. Wọ́n rí èsì 114 gbà lópin ọdún, ìyẹn sì wú mi lórí nítorí àkókò Kòrónà. Lórí òṣùwọ̀n èjìká ti Oxford, tí máàkì rẹ̀ kì í kọjá 48, àwọn tí wọ́n fọ̀ nìkan ní 34.3, àwọn oníbàlúùnù ní 30.3. Lẹ́yìn tí wọ́n tún ìṣirò náà tò, ìyàtọ̀ di 4.2. Ṣùgbọ́n ìṣirò wọn fàyè gba kí ìyàtọ̀ tòótọ́ wà níbikíbi láti 0.26 sí 8.2, kò sì sí ẹni tó lè mọ 0.26 lára. Ẹni tó bá ní bàlúùnù kò ranni lọ́wọ́ dúró lórí ilẹ̀ tó le. Ẹni tó bá ní ó ń ba èjìká jẹ́ ti sáré ju ìwé náà lọ, pàápàá nígbà tí ìjàǹbá kò yàtọ̀ ní ìhà méjèèjì. Wọ́n tún tètè dá ìwádìí náà dúró, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti là á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tó hàn pé bàlúùnù kò ní borí. Ìyẹn gba àwọn aláìsàn mìíràn sílẹ̀, àmọ́ ìyàtọ̀ tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń rí lè tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni bàlúùnù 56 láàárín ilé ìwòsàn 24 kò tó mẹ́ta-mẹ́ta. Kò pọ̀ tó kí ọwọ́ dókítà mọ́ iṣẹ́ náà lára.

Àléébù tó jù lójú mi ni pé fífọ̀ kò ní alátakò tirẹ̀. Ó borí bàlúùnù, kò sì sí ẹni tí wọ́n fún ní eré ìdárayá nìkan tàbí tí wọ́n kàn ki kámẹ́rà bọ èjìká rẹ̀ láìfọ ohunkóhun. Ìwádìí CSAW, tí The Lancet tẹ̀ ní 2018, ṣe irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ tó ń gé lára egungun òkè èjìká, ó sì rí i pé iṣẹ́ abẹ náà kò fi ohun gidi kan ju kámẹ́rà lásán lọ. Irú àwọn aláìsàn mìíràn ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n ó tó láti dá ìfọ́nnu fífọ̀ dúró.

Ní ọdún 2022 kan náà, Nikhil Verma àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí tiwọn jáde lórí ènìyàn 184. Rírán ìwọ̀nba ni wọ́n fi wé bàlúùnù, wọ́n sì ní bàlúùnù kò rẹ̀yìn sí i. Ilé iṣẹ́ tó ni bàlúùnù ló náwó sí tiwọn, owó ìjọba ló gbé ti Metcalfe. Mi ò ní tìtorí ìyẹn nìkan jù ú nù. Ẹ gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: bàlúùnù kò rẹ̀yìn sí rírán ìwọ̀nba, ó sì rẹ̀yìn sí fífọ̀. Dókítà tó ṣì ń rán ìwọ̀nba ni ìbéèrè kù sí lọ́rùn báyìí, nítorí kò sí èyí nínú ìwé méjèèjì tó fi iṣẹ́ rẹ̀ wé fífọ̀ lásán.