Ẹ̀wà, Tìróò àti Ojú Ọmọdé: Ìyanu Inú Àlọ́ Àpamọ̀

Bí a bá dárúkọ ìyanu nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá, igbó Fágúnwà ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ń kọ́kọ́ sá lọ. Kò burú. Láti ọdún 1938 tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde ni àwọn iwin ibẹ̀ ti ń dá òǹkàwé lárayá, tí wọ́n sì ń dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n ìyanu tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gbé ìbọn àti àpò ọdẹ kí ó tó rí i kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Àlọ́ àpamọ̀, tí Ọlátúndé Ọlátúnjí kà mọ́ ẹ̀yà ewì alohùn nínú ìwé rẹ̀ ti 1984, ni ó wá ìyanu dé ìdí ààrò. Síbẹ̀, eré ọmọdé ni àwọn ènìyàn ń pè é.

Ẹ wo àlọ́ ìyá tí ó bí igba ọmọ, tí gbogbo wọn lé tìróò. Ẹ̀wà ni ìdáhùn rẹ̀. Ó dájú pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á jókòó ti atẹ, ó ṣa ẹ̀wà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó tó rí ojú dúdú bíńtín tí ó wà lára rẹ̀. Orúkọ a máa dí ènìyàn lójú: bí a bá ti ní "ẹ̀wà" báyìí, ó ti di oúnjẹ, a kò wò ó mọ́. Àlọ́ a bọ́ orúkọ náà kúrò lára rẹ̀. Bákan náà ni ti òkú tí ń dáhùn nígbà tí alààyè dákẹ́, èyí tí í ṣe ewé gbígbẹ àti ewé tútù. Etí ni ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe ojú.

Àtakò kan wà tí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìdáhùn àlọ́ ti wà nílẹ̀. Ọmọ tí ó bá ronú jinlẹ̀ tí ó mú òmíràn wá ni a ń sọ fún pé kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìrántí ni àlọ́ ń kọ́ni, kì í ṣe ìtọpinpin. Òótọ́ ni èyí ní kíláàsì, níbi tí a ti ń kọ ogún àlọ́ sójú pátákó nítorí ìdánwò, ìbéèrè lápá kan, ìdáhùn lápá kejì. (Kò sí ohun tí ó lè pa àlọ́ tó èyí.) Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń pa á lálẹ́, ìdáhùn kì í ṣe òpin. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ yóò tún lọ wo ẹ̀wà, bóyá lóòótọ́ ni ó lé tìróò.

Ní Òkè-Odò, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, ìṣòro mìíràn tún wà. Kóńgò ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà ní ọjà ibẹ̀; èèpo gígùn tí ó jẹ́ ìyá igba ọmọ kò bá a dé ọjà. Ọmọ ibẹ̀ mọ àwọn ọmọ, kò mọ ìyá. Ìdajì àlọ́ ti sọnù kí olùkọ́ tó la ẹnu. Ṣé kò wá yẹ kí ó bi kíláàsì léèrè pé ta ni ìyá wọn? Olùkọ́ tí ó bá gbin ẹ̀wà sínú agolo yóò fi ìyá náà hàn wọ́n láàárín oṣù mélòó kan.

Àwọn kan ní kí àwọn ọmọ máa pa àlọ́ tuntun. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àpèjúwe ni àlọ́. Bí ọmọ bá ní ohun kan ń mu epo, ó sì ń pariwo, gbogbo ènìyàn ni yóò pè é ní jẹnẹrétọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò tún bojú wò ó. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ó sùn, ilé ṣókùnkùn. Ó jí, àdúgbò kò rí oorun sùn, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tí ó ti ń gbọ́ ariwo yẹn lálaalẹ́ láìkà á sí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ilé tí ó tàn àti ilé tí kò sùn.