Orúkọ Yétúndé lára Ìwé Ẹlẹ́sìn Búdà

Ní ọdún 2020, ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní Black and Buddhist. Àkójọ àròkọ ni, àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n ń kọ́ni ní ọ̀nà Búdà ni wọ́n sì kọ ọ́. Obìnrin méjì ni olóòtú rẹ̀: Cheryl A. Giles àti Pamela Ayo Yetunde. Ọmọ Nàgó tí ó bá rí orúkọ ẹnì kejì yìí kò ní ṣàì tún un kà. Láti Adja-Ouèrè dé Ikpinlè, ta ni kò mọ Yétúndé kan tàbí Ìyábọ̀ kan? Orúkọ náà ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lámèyítọ́ yìí, nítorí inú rẹ̀ ni ìṣòro tí ó le jù lọ wà.

Lọ́dọ̀ wa, ire ni àtúnwá. Bí arúgbó bá fọwọ́ rọrí kú, ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń tọrọ ni pé kí ó má pẹ́ kí ó tó tún yà lọ́dọ̀ wọn. Bí a bá sì bí ọmọbìnrin lẹ́yìn ikú ìyá àgbà, orúkọ ti wà nílẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ Búdà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àyípoyípo ìbí àti ikú ni ìdè tí ó so ènìyàn mọ́ ìnira, ìlàkàkà àwọn tí ń tọ ọ̀nà náà sì ni láti já ìdè ọ̀hún. Wọn kò tilẹ̀ gbà pé ohun kan wà nínú ènìyàn tí kì í yí padà, gẹ́gẹ́ bí àwa ti gbà pé olúkúlùkù yan orí lọ́run. Ìwé Faransé a pè é ní réincarnation, akẹ́kọ̀ọ́ wa a túmọ̀ rẹ̀ sí àtúnwá, a sì rò pé òun ti délé. Kò tíì délé. Ohun tí ìyá rẹ̀ ń gbàdúrà fún ni ẹni inú ìwé náà ń sá fún. Ẹni tí ó ń jẹ́ Yétúndé tí ó sì ń kọ́ni ní ọ̀nà Búdà ti ru ọ̀rọ̀ méjì tí ń bára wọn jà. Èmi kò ka èyí sí àbùkù. Inú irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí ó dára ti ń jáde.

Ẹni tí ó gbé ìjà náà wọ inú ìtàn àròsọ ni Charles Johnson, tí a bí ní Evanston, ìpínlẹ̀ Illinois, ní 1948. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń yà kí ó tó kẹ́kọ̀ọ́ filọ́sọ́fì. Ní 2003 ó kó àwọn àròkọ rẹ̀ lórí ẹ̀sìn Búdà àti iṣẹ́ ìwé kíkọ jọ sínú Turning the Wheel, ṣùgbọ́n Middle Passage, tí ó gba ẹ̀bùn National Book Award ní 1990, ni ó yẹ kí a jókòó tì. Rutherford Calhoun, ẹrú tí a ti dá sílẹ̀, tí olè jíjà sì ti mọ́ lára, sá kúrò ní New Orleans ní 1830 nítorí gbèsè àti nítorí obìnrin tí ó fẹ́ fi tipátipá sọ ọ́ di ọkọ. Ó fara pamọ́ sínú ọkọ̀ òkun kan tí ń jẹ́ Republic. Kò mọ̀ pé ọkọ̀ ẹrú ni, àti pé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó forí lé. Ẹrù tí ọkọ̀ náà lọ kó ni àwọn ènìyàn kan tí ń jẹ́ Allmuseri, pẹ̀lú òrìṣà wọn tí wọ́n tì mọ́ inú àpótí ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Kò sí ẹ̀yà kankan láyé tí ń jẹ́ Allmuseri. Johnson ni ó ṣẹ̀dá wọn. Wọn kì í ya ara wọn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹlòmíràn. Ọ̀kan àti ọ̀pọ̀ kò yàtọ̀ lójú wọn. Ìpínyà ni ibi tí wọ́n bẹ̀rù jù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka ìwé Búdà díẹ̀ yóò mọ ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Níbí ni mo ti bá òǹkọ̀wé ńlá yìí ní gbólóhùn asọ̀. Àwa tí a ń gbé láàárín Porto-Novo àti Kétou mọ̀ pé àwọn tí a kó sọdá òkun ní orúkọ. Ní Bahia, títí di òní, Nagô ni wọ́n ń pe àwọn ilé òrìṣà kan. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ń wá ọgbọ́n lọ sí Áfíríkà, ó ní láti kọ́kọ́ gba ọgbọ́n náà ní Éṣíà, kí ó wá fi sí ẹnu ẹ̀yà tí kò sí? Ẹnìkan lè gbèjà rẹ̀ pé ẹ̀yà tí a ṣẹ̀dá kò lè bínú pé a purọ́ mọ́ òun. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó mi.

Síbẹ̀, ibi tí ìwé náà ti dára, ó dára gan-an, kì í sì í ṣe ibi tí Allmuseri ti ń sọ èrò wọn. Calhoun fúnra rẹ̀ ni. Olè tí kò ro ti ẹnikẹ́ni bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ń rì, láàárín àwọn tí ń kú, díẹ̀ díẹ̀ ni ìrora wọn sì di tirẹ̀, láìsí ìwàásù. Ẹ̀kọ́ Búdà wà níbẹ̀, a kò dárúkọ rẹ̀.

Jan Willis kò ṣẹ̀dá ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀. Ìgbésí ayé ara rẹ̀ ni ó kọ sínú Dreaming Me (2001). Ó dàgbà ní Docena, ní Alabama, ó bá wọn rìn ní Birmingham ní 1963, ó sì fẹ́ẹ̀ darapọ̀ mọ́ Black Panther kí ó tó yàn láti padà sí Nepal lọ́dọ̀ olùkọ́ rẹ̀, Lama Thubten Yeshe. Kò kọ ẹ̀sìn Onítẹ̀bọmi tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà sílẹ̀. Èyí kò lè ya ará Adja-Ouèrè lẹ́nu, níwọ̀n bí agbolé kan náà ti lè ní ẹni tí ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí ń kírun àti ẹni tí ń bọ òrìṣà. Ìyàtọ̀ ni pé àwa ń ṣe é, a kì í kọ ọ́.

Ti Thich Nhat Hanh (1926–2022) kò ní pẹ́ wa. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì jẹ́ ti ilé: fífọ abọ́, mímu tíì. Ó rọrùn láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin tí ó ń se epo pupa kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kí ó fọkàn sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Iná á kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n The Miracle of Mindfulness bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí ó kọ láti ìgbèkùn sí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní àwọn abúlé Vietnam nígbà ogun. Láti 1966 tí ó ti kúrò nílé, 2005 ni wọ́n tó gbà á láyè láti padà wò ó. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò ka abọ́ fífọ náà lọ́nà mìíràn.

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń ka Faransé, Le Moine et le philosophe (1997) ni mo yàn ṣáájú. Matthieu Ricard gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ àbínibí ní Institut Pasteur ní 1972, lẹ́yìn náà ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó lọ di mọ́ńkì ní òkè Himalaya. Nínú ìwé náà, bàbá rẹ̀, Jean-François Revel, onímọ̀ filọ́sọ́fì tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, ń bi í léèrè, ó sì ń fèsì. Ìdáhùn ọmọ máa ń dán jù nígbà mìíràn, bí ẹni pé ó ti há a sórí. Àtakò bàbá ni ó mú kí ìwé náà mí. Níkẹyìn, Revel gba ọgbọ́n ìgbé ayé tí ó wà níbẹ̀, kò gba ohun tí ó kù. Kò sí ẹni tí ó borí, bẹ́ẹ̀ ni bàbá àti ọmọ kò sì bínú síra wọn.

Bhante Buddharakkhita nìkan ni ó gbé ẹ̀kọ́ náà padà wá sílé ní Áfíríkà. Ọmọ Uganda ni; India ni ó ti pàdé àwọn mọ́ńkì nígbà tí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fi í jẹ mọ́ńkì ní Amẹ́ríkà ní 2002, ó sì dá Uganda Buddhist Centre sílẹ̀ ní 2005. Ìwé rẹ̀, Planting Dhamma Seeds (2006), kò ní ẹwà èdè tí Johnson ní. Àwọn ojú ewé kan dà bí ìjábọ̀ ìpàdé. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni a ti rí mọ́ńkì dúdú tí àwọn ará ìlú rẹ̀ kò mọ ohun tí aṣọ ọrùn rẹ̀ jẹ́, tí àwọn kan sì rò pé ìlù ni àwo tí ó fi ń gba oúnjẹ. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo dá ìwé dé. Kò sí èyí tí ó kọ ọ̀rọ̀ yìí nínú àwọn tó kù, nítorí kò sí èyí tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí.

Ní ti àwọn awo tiwa, Wande Abimbola kó ẹsẹ Ifá jọ sínú Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ní 1968. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rẹ̀ tí ó jáde ní 1997, Ifá Will Mend Our Broken World, ni ó súnmọ́ irú ìwé tí mo ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Èmi kò tíì rí èyí tí awo kan láti Massè tàbí Kpoulou ti sọ ìgbésí ayé ara rẹ̀, ní Yorùbá tàbí ní Faransé, kí ọmọ tí kò gbà á gbọ́ sì jókòó tì í, kí ó máa bi í léèrè bí Revel ti bi ọmọ rẹ̀. Foonu tí ń gba ohùn sílẹ̀ wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa.